Ìka Ike Tí Fóònù Dá Mọ̀

Ìbéèrè kan wà tí n kò tíì rí ìdáhùn sí. Ọlọ́run tó gbà kí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun jẹ ọwọ́ méjèèjì ọkùnrin kan, ṣé Òun náà ló fi ọgbọ́n ṣíṣe ọwọ́ mìíràn sí ẹ̀gbọ́n mi lórí? Bó bá jẹ́ Òun ni, kí ló dé tí kò kúkú dá ẹ̀rọ náà dúró? Mo gbàgbọ́ o. Mo kàn ń béèrè ni.

Ọwọ́ ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe, ọwọ́ ike. Ìyá Ọlọ́wọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fòyà: ọwọ́ ló wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ ló rọ̀ lójú fèrèsé, ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń bá a di aago rẹ̀ mú. Orin ló máa ń kọ bó ti ń ha ike, ohùn rẹ̀ kò sì dára rárá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò torí ẹ̀ dákẹ́.

Oníbúrẹ́dì ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ilé ìwòsàn kan fẹ́ gbà á kó máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, imú ló ń fi tẹ fóònù tirẹ̀. Kùkùté ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò jù, lẹ́tà mẹ́ta ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ike tó sì ti ní tẹ́lẹ̀, fóònù kì í tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kan òun.

"Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n máa wo ojú aláìsàn," ó sọ fún wa, "pé òun kò gbà mí síṣẹ́ kí n máa fẹnu ko ẹ̀rọ."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọjọ́ Ajé ni ìdánwò, bí kò bá sì lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbà.

"Màá ṣe ọwọ́ ọ̀tún tuntun fún un, ike dúdú ni màá fi ṣe orí ìka rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ike kì í gbé iná. Òun la fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé wa."

"Ike tí o mọ̀ nìyẹn. Ẹni Ọlọ́run, ṣé o ti tú rìmóòtù wò rí?"

Ó tú ọ̀kan fún mi. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, rọ́bà dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń so iná pọ̀ bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Èédú tó kúnná bí àtíkè ni wọ́n pò mọ́ ọn. Àwọn hóró èédú náà ló ń fara kanra tí iná fi ń gba àárín wọn kọjá. Ó ní irú mìíràn wà tí kò nílò èédú, tí àwọn onímọ̀ fi èròjà díẹ̀ sí, tí ike náà fúnra rẹ̀ sì ń gbé iná. Wọ́n ń fi irú ike báyìí ṣe àpò tí wọ́n ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, kí iná tín-ín-tín tó máa ń wà lára wa má baà bà á jẹ́. Wọ́n ń fi ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí epo, kí iná kékeré má baà ta pàrà lára wọn kó sì ran epo. Ní ti fóònù, iná tín-ín-tín wà lójú rẹ̀. Bí ara ènìyàn bá kàn án, díẹ̀ á gba ara onítọ̀hún lọ, ibẹ̀ ni fóònù á ti mọ̀ pé ènìyàn dé.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọwọ́ náà parí. Mo gbé fóònù mi kalẹ̀, mo sì gbàdúrà gígùn. Oníbúrẹ́dì na ìka dúdú náà, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ibi pẹlẹbẹ náà ni.

"Bùrọ̀dá," ó bi mí, "ṣé ẹ rántí ṣe Àmín?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wò wá. Ó bọ́ ọwọ́ náà, ó yọjú sínú rẹ̀, ó ní, "Fóòmù." Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ fóòmù síbẹ̀ kí ike má baà ha ọkùnrin náà lára. Orí ìka ń gbé iná lóòótọ́, àmọ́ iná kò rí ọ̀nà dé ara ènìyàn.

"Àánú tí mo ṣe é ló dínà," ó wí. Ó dá ihò sí fóòmù náà, ó fa ọ̀já ike dúdú kan láti orí ìka wọ inú lọ, kó lè máa kan awọ ara.

Oníbúrẹ́dì tẹ fóònù. Ojú fóònù là. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè.

"Ìka ni mo fi pè ọ́ o."

"Ìka ta ni?" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbà á.

Láná, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní oníbúrẹ́dì fẹ́ ọwọ́ òsì náà wàyí, pé ìka ẹyọ kan kò yá tó nígbà tí àwọn aláìsàn bá tò lọ títí. Ó sì ní ọwọ́ ẹni tó gbàdúrà ni kí wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé àdúrà yẹn ṣiṣẹ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìwọ àti òun ló gùn bákan náà. Jọ̀ọ́, wá bá mi ti ọwọ́ òsì rẹ bọ inú ẹfun tí màá fi gba àwòṣe rẹ̀ lọ́la. Kí o sì gé èékánná kí o tó wá."