Ọ̀sẹ̀ Tí Kámẹ́rà Dá Ṣọ́ Òkun

Òórùn iyọ̀ àti ti ẹja tí wọ́n ń yan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní etíkun yẹn, lápá ìlà-oòrùn èbúté Lomé. Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjọba tiwa-n-tiwa ni. Gírẹ́fù ni gbogbo wa ń pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ẹnjiníà kan tó ń wo bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní kí n máa bá òun tọ́jú kámẹ́rà kan tó wà lórí òpó irin. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Pátákó dúdú pẹlẹbẹ kan ló ń gba agbára oòrùn sínú bátìrì rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì dá ya fọ́tò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa pààrọ̀ fíìmù lọ.

Ẹ̀yìn ilé ìyá arúgbó kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, la ri òpó náà sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kó kúrò kí òkun tó dé, ó kọ̀. Inú yàrá ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. "Ṣé kí n fi baba yín sílẹ̀ fún ẹja ni?" Ohun tó máa ń bi wọ́n nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan mo bá gèlè rẹ̀ lórí pátákó náà, ó wé e dáadáa.

"Ẹ̀yin akọ̀wé ò láàánú," ó ní. "Látàárọ̀ lẹ ti so nǹkan yìí sínú oòrùn."

"Mà, oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀."

"Oúnjẹ ọ̀fẹ́! Òun nìkan ni gírẹ́fù yìí ò ní í pa nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tú gèlè rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjì jà. Àwọn sójà ti dí ọ̀nà, n kò lè débẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ títí ìjì fi rọlẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo òkun. Nígbà tí mo dé, òpó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a fọ fíìmù náà tán, mo to fọ́tò mẹ́ta ti ọjọ́ ìjì sórí ẹní níwájú Ìyá. Láàárọ̀, igi àgbọn mẹ́fà. Lọ́sàn-án, omi dìde dúró bí ògiri funfun, ó ga ju àgbọn lọ, èèyàn ò mọ ibi tó ti di ojú ọ̀run. Nírọ̀lẹ́, igi méjì. N kò ṣàlàyé kankan, torí fọ́tò mẹ́ta kò lè sọ ọjọ́ tí ilé yóò wó. Lórí fọ́tò ìrọ̀lẹ́, Ìyá fi ìka wọn ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín omi àti fèrèsé yàrá ọkọ rẹ̀.

"Ó débí, mo sì wà nínú ilé." Ó kó àwọn fọ́tò náà jọ. "Ẹ bá mi pe àwọn ọmọ mi. Kí wọ́n wá hú baba wọn."

Wọ́n hú u, wọ́n sì tún un sin sínú ìlú, níbi tí Ìyá kó lọ. Òkun gbé ilé náà lọ́dún kejì. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kámẹ́rà ló ṣe é; ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ ti máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, olúkúlùkù ní Lomé ló ń búra pé ọ̀dọ̀ òun ni òtítọ́ wà. Obìnrin tí kò mọ̀wé yìí wo fọ́tò mẹ́ta, ó sì gbà pé òun ti ṣàṣìṣe. Títí di òní, n kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì wù mí bíi gbígbà tó gbà yẹn.