Mísà inú Kásẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ méjì ni Bọ́lájí Àyàndélé ń ṣe ní Igbó-Elérin, ìyàwó rẹ̀ a sì máa sọ pé kò sí èyí tó jẹ́ kí ọkọ òun jókòó sílé nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan lẹ́bàá títì. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun ni katikíìsì ìjọ Kátólíìkì kékeré kan ní Okokomáíkò. Òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun náà ló sì ń darí àdúrà nígbà tí Fadá bá wà ní ìjọ mìíràn.

Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Lọ́dún kan tí wọ́n fi Póòpù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Àjíǹde, bó ṣe ń súre fún gbogbo ayé, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bọ́lájí fi bá àwọn akọrin jiyàn bóyá ìre tí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ rí gbà kò ju ti àwọn tó ní dúdú-àti-funfun lọ. Dúdú-àti-funfun ni tiẹ̀.

Ní ọdún 1989 ni Fadá Adéyẹmí dé. Kò tíì pé oṣù méjì tó ti ilé ẹ̀kọ́ ní Róòmù bọ̀, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú.

“Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ máa sá fún ayé òde òní!” ló wí nínú ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́. “Rédíò o, kásẹ́ẹ̀tì o, tẹlifíṣọ̀n o, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wá àwọn ènìyàn dé ilé wọn!”

Díẹ̀ ló kù kí Bọ́lájí fò dìde lórí àga. Láti ogún ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé wọ́n bá ara wọn tan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ìdí òdòdó lórí pẹpẹ, ó sì gba Mísà, ìsìn ọjọ́ náà, sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti ìwúkọ́ àwọn ará ìjọ. Ìyá Florence ló ní lọ́kàn. Obìnrin arúgbó yìí ń gbé ní Iba. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí orúnkún kò ti jẹ́ kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Florence ọmọ rẹ̀ sì ń gbé lọ́nà jíjìn. Ìjọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn Fadá, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tó àwọn aláìsàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kejì, Bọ́lájí gbé rédíò ńlá kan dé yàrá ìyá náà. Ìyá Florence ti wé gèlè funfun, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó tan àbẹ́là, kò sì fẹnu kan nǹkan kan láti òwúrọ̀, nítorí kómúníọ̀n tó fẹ́ gbà. Àlàájì Ràsákì, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti ìyá náà, gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí yí. “Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín,” ni ohùn Fadá wí.

“Kí ó sì wà pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ!” ni ìyá náà dáhùn kíkankíkan, Bọ́lájí sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Bí Fadá ṣe dé ibi tó ti fẹ́ gbé búrẹ́dì sókè gan-an, ni iná lọ. Ohùn Fadá fà, ó wúwo bíi ti akọ màlúù, ó sì dákẹ́.

Bọ́lájí ní kí ìyá náà jẹun ná. Ìyá Florence kò ṣí ojú.

“Ẹ má sọ̀rọ̀, Katikíìsì. Mísà kò tíì parí.”

“Màmá, Mísà yìí ti parí. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.”

Ojú ìyá náà là rangandan. “Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ta wá ni mo ti ń dá lóhùn láti àárọ̀?”

Bọ́lájí bẹ̀rẹ̀ sí nu ara rédíò. Kò sí ìdáhùn èyí nínú ìwé katikísíìmù tó fi ń kọ́ni.

Àlàájì Ràsákì gbọn orí. “Katikíìsì, ẹ má bínú o. Lọ́dọ̀ tiwa, a lè gbọ́ wáàsí nínú rédíò, ṣùgbọ́n a kì í to ẹsẹ̀ sẹ́yìn rédíò kírun.” Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, ó wo ẹnu ìyá náà tó ti gbẹ, àánú ṣe é, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì kó bátìrì ńlá mẹ́fà wá. “Ẹ jẹ́ kó parí, kí Ìyá lè jẹun.”

Kásẹ́ẹ̀tì tún gbéra. Wọ́n gba àdúrà Baba wa, wọ́n kọ orin, wọ́n sì dé ibi kómúníọ̀n. “Ara Krístì,” ni rédíò wí.

“Àmín,” ni Ìyá Florence wí. Ó di ojú, ó la ẹnu, ó sì yọ ahọ́n.

Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. “Ara Krístì,” ni rédíò tún wí, fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n kọ èkejì, ahọ́n ìyá náà ṣì wà níta.

Àlàájì rọra tẹ Bọ́lájí lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Katikíìsì, wọ́n ń dúró dè yín o.”

Ojú ti Bọ́lájí bí kò ṣe tì í rí. Ó pa rédíò, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, ó sì sọ òótọ́ fún un pé nǹkan tí ó ń retí kò sí nínú ẹ̀rọ. Ìyá Florence fa ahọ́n rẹ̀ padà pẹ̀lú ẹ̀yẹ.

“Ìró ọbẹ̀ ni ẹ gbé wá fún mi, Katikíìsì,” ló wí. “Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ sílé.”

Orí alùpùpù ni Bọ́lájí ti ń dá rojọ́ títí ó fi dé Okokomáíkò. Nígbà tó ròyìn fún Fadá Adéyẹmí, Fadá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tó yá, ó nu ojú.

“Èmi ni mo jẹ̀bi, Katikíìsì. Mo sọ apá kan, n kò sọ apá kejì. Rédíò lè bá ènìyàn gbàdúrà, kò lè bọ́ ọ. Ọlọ́run gan-an kò fi ohùn nìkan ránṣẹ́ sí wa. Ó gbé ara wọ̀, ó wá fúnra rẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ará Iba rí Fadá lẹ́yìn alùpùpù katikíìsì, tí aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú nítorí kómúníọ̀n tó gbé síbẹ̀. Ìyá Florence kò tíì jẹun. Ó gbà á, ó sunkún díẹ̀, ó sì bèèrè ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ Bọ́lájí ní bí a ṣe ń gbé kómúníọ̀n lọ fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì fún un láṣẹ. Ọdọọdún ni iye ilé tó ń yà ń pọ̀ sí i, láti Iba títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ibi tó bá dé, á jókòó, á bèèrè orúnkún, á bèèrè ọmọ. Bí rédíò ilé náà bá sì bàjẹ́, á tún un ṣe.

Ní 1994, Àlàó, ọmọ ìjọ wọn kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Alábà, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti ra ẹ̀rọ fáàsì, èyí tó ń fi ìwé ránṣẹ́ lójú wáyà tẹlifóònù, ìjọ sì ti ra ọ̀kan fún Fadá náà. Ṣé òun kò lè máa fi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ òun ránṣẹ́ láti Alábà, níwọ̀n ìgbà tí ọjà kì í jẹ́ kí òun ráyè?

Bọ́lájí gbé irin tó fi ń jó wáyà sílẹ̀. “Ta ló jókòó ti fáàsì Fadá?”

“Akọ̀wé wọn, Abọ́lá.”

“Abọ́lá àbúrò ìyàwó yín?”

Àlàó wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Agogo mélòó ni Fadá máa ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ní Sátidé?” ló bèèrè.