Ẹ̀yà Mẹ́wàá Kì Í Ṣe Abẹ́rẹ́

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, nínú kíláàsì Bíbélì wa lọ́jọ́ Sunday kan, ní Conyers, l'Amẹ́ríkà níbí. À ń kà nípa ẹ̀yà Ísírẹ́lì mẹ́wàá tí ọba Asíríà kó lẹ́rú lọ. Bàbá kan tó máa ń wakọ̀ wá láti Suwanee dìde, ó ní àwa Yorùbá gan-an ni ẹ̀yà tó sọnù náà. Inú bí mi. Ṣé ẹ̀yà tiwa ò tó wa ni?

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yà mẹ́wàá kì í ṣe abẹ́rẹ́ tá a ní ó jábọ́. Wọ́n ríṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n ń fi èdè onílé bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ló sọ wọ́n nù!" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́.

Èmi náà bí ọmọbìnrin kan, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo bí i, màmá mi fún un ní oríkì lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò fojú kàn án rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fún un nìyẹn. Bí wọ́n bá ti pè mí, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ń fi oríkì ọmọ mi pè é?" Èmi á ní, "Lójoojúmọ́, mà." Irọ́ burúkú! Orúkọ òyìnbó là ń pè é.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn náà, mo ń kó ẹrù inú mọ́tò wọlé nígbà tí fóònù mi dún ní pálọ̀. Ọmọ mi gbé e. Mo gbọ́ tó ní, "Wrong number, ma," ó sì pa á.

Mo bi í pé ta ni. Ó ní màmá arúgbó kan ni, ó ń wá ẹnì kan. Ọmọ mi wá pe orúkọ ẹni náà gbẹrẹfu, kò lóhùn òkè, kò lóhùn ìsàlẹ̀. Háà! Kí n má purọ́, èmi gan-an kọ́kọ́ ronú kí n tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Mo pe nọ́ńbà náà padà. Fóònù ará ilé wọn ni màmá mi yá.

"Ìwọ nìyí? Mo mà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣì pe ilé onílé ni. Ọmọ ibẹ̀ ní rọ́ńgì nọ́ńbà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, gbé fóònù fún ọmọ mi, kí n fi oríkì ẹ̀ pè é, kó dá mi lóhùn."

Ọmọ náà dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ láti gba fóònù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Mo ní, "Kò sí nílé, mà."