Ilé Ìyá Àgbà Lójú Ọ̀nà Rélùwéè

Ìyá bàbá mi ní Ìgbògbò kì í kọjá lára ògiri ilé rẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń wọnlẹ̀ ti ri èèkàn sí àgbàlá rẹ̀ pé rélùwéè máa gba ibẹ̀ kọjá, kò sì gbọdọ̀ tún ilé náà ṣe mọ́. Nígbà tó yá, ìjọba ní kò sówó, àwọn olóṣèlú ń di ẹ̀bi ru ara wọn. Kò sẹ́ni tó wá hú èèkàn.

“N ò lè kọ́lé, n ò lè kó lọ,” ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí òjò wó ògiri kan, ó po amọ̀, ó mọ ọ́n padà. Káńsẹ́lọ̀ àdúgbò kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé.

“Ìyá, ta ló fún yín láyè?”

“Òjò ni, ọmọ mi.”

Wọ́n wó ògiri náà. Rélùwéè ò dé. Yàrá kan ṣoṣo tí òjò kò tíì wó ni Ìyá Àgbà kú sí.