Ojú Ẹyẹ Kejì

Tísà ni mí, àṣìṣe sì ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi, gègé bíìkì pupa ni màá fi kà á. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó wá fẹ́ mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwà yìí kan náà ló jẹ́ kí n ṣẹ bàbá mi, nígbà tí mo rò pé mò ń yẹ́ ẹ sí.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Tchaourou, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ń ṣe ìlẹ̀kùn, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pákó tí wọ́n máa ń kàn sókè ìlẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Pákó afẹ́fẹ́ ni òun ń pè é. Á fi pẹ́ńsù ya ẹyẹ tàbí ewé sí i lára, á lu ihò kékeré síbi tó fẹ́ gé, á ki ojú ayùn bọ ihò náà, á so ó padà mọ́ férémù rẹ̀, á wá máa gé e lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú ayùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, kò sì gba ìkánjú. Bó bá já, bàbá mi á bá a wí bí ọmọ: "Kí ni mo ṣe fún ọ báyìí?" Lẹ́yìn náà, á mú òmíràn.

Nígbà tí fèrèsé onígíláàsì gbòde, kò sẹ́ni tó ń béèrè pákó afẹ́fẹ́ mọ́. Ọwọ́ bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ kan, mo rí i tó jókòó sí ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń fi ọwọ́ nu eruku kúrò lára ayùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Mo sọ fún ara mi pé màá ṣe ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá kọ ìtàn iṣẹ́ ayùn wẹ́wẹ́ yìí síbẹ̀, kí bàbá mi tó lọ, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ òun kò parun.

Ayé Renouveau ni, ìṣèlú tuntun tó dé lẹ́yìn ìjọba ológun, ẹnu gbogbo wa ti là. Ẹni tí kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Èmi ní tèmi, ìkànnì ni. Kò tíì sí ilé kọ̀ńpútà tí gbogbo wa ń pè ní cyber lọ́dọ̀ wa nígbà náà, torí náà ní gbogbo Sátidé, màá wọ taksí lọ sí Parakou. Mo ra ìwé kan tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìkànnì, mo sì kà á bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Fọ́tò kan ṣoṣo lè gba ìdajì wákàtí kó tó gòkè. Màá jókòó tì í, màá máa maaki ìwé àwọn ọmọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀, bí iléèwé bá ti pa, màá gun alùpùpù mi lọ sí Kika, lọ sí Bétérou, lọ sí Sanson, láti ya fọ́tò àwọn pákó tí bàbá mi ti gé. Àwọn onílé á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ìyàwó ilé kan ní Sanson bi mí pé, "Tata, àǹtí wa, pákó eléruku yìí náà lẹ wá yà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya tẹlifíṣọ̀n wa náà, tuntun ni o."

Ní alẹ́, bàbá mi á máa sọ ìtàn, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni ọ̀gá òun ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tí àwọn baba wọn padà dé láti Brazil. Ó ní nígbà Révolution, ayé ìjọba ológun tó fi ìràwọ̀ pupa sí àsíá, ìràwọ̀ ni gbogbo ènìyàn ní kí òun gé, àfi ìgbà tí Renouveau dé ni wọ́n tó padà sí ẹyẹ. "Ìràwọ̀ rọrùn," ó ní. "Àmọ́ ẹyẹ ló ní ẹ̀mí." Ojú rẹ̀ ń tàn bó ti ń sọ̀rọ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun.

Pákó ilé tiwa ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ẹyẹ méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ìyẹ́ wọn sì ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo èyí tí mo yà, kò sí èyí tó dára tó o. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ní ojú, èkejì kò ní. Àmì pẹ́ńsù nìkan ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ńṣe ló ń sùn. Ní báyìí tí mo ti di tísà, mo rí àṣìṣe. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Ilé káfíńtà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò parí, ó gbàgbé ojú ẹyẹ kejì. Iṣẹ́ kì í tán ní ilé káfíńtà." Mo rò pé mo pa ẹ̀fẹ̀ tó dára.

Mo tẹ gbogbo ojú ìwé ìkànnì náà jáde ní Parakou, mo gbé e wá fún bàbá mi, mo ń kà á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ láti Faransé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ìgbà tí mo dé ojú ìwé ìkẹyìn, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Mo gbàgbé?" ó bi mí.

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Bon, ó dáa. O káre, o ṣiṣẹ́." Ó mú kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí mo bá bi í nípa igi, ìdáhùn kan náà ni: "N kò rántí mọ́." Gbogbo ohun tí mo ń sá fún ni mo ti fi ọwọ́ ara mi mú wá. Ìtàn náà ti tán lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ṣì wà láàyè.

Ó tó oṣù kan tí a wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣí ìwé àlejò ìkànnì mi, ìyẹn ibi tí ẹni tó bá wò ó lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé Cotonou, tí wọ́n bí sí Kika, ló kọ ọ́. Ó ní:

"Mo rí pákó ilé wa, mo sunkún. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi wọ ilé yẹn. Bàbá yín kì í gé pákó tán ní ìsọ̀. Ó máa ń fi ihò kan sílẹ̀ láìgé, á wá gé e lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí obìnrin tó ni ilé bá fẹ́ wọlé, kó tó kàn án. Ìyá mi tẹ́ etí ìró rẹ̀ sábẹ́ pákó, lẹ́búlẹ́bú igi bọ́ sínú rẹ̀, òun ló sì fi kọ́kọ́ dáná. Bàbá yín wá sọ fún un pé: 'Ilé ti rí ọ. Wọlé.' Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àgbà kì í gbàgbé irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi bàbá yín pé ta ni wọ́n ń dúró dè."

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, mo kàn fi bíìkì pupa fa ìlà sí i.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Ìyá mi kú nígbà tó bí mi, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ti délé, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo bi í pé, "Ta lẹ ń dúró dè?"

"Ìyá rẹ ni mo kọ́ ilé yìí fún," ó ní. "Ẹyẹ méjì, èmi àti òun. Mo gé ojú tèmi, mo fi tiẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa wọlé. Ó ku òrùlé nìkan, ló bá bí ọ, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ tí a kó wọbí, mo gbé ọ lọ́wọ́ kan, mo mú ayùn lọ́wọ́ kejì. Ìyá mi ní òun á tẹ́ aṣọ. Mo ní rárá, ẹni tó bá ni ilé ló ń tẹ́ ẹ. Mo wò ọ́, o ń sùn. Mo ní, bon, màá dúró kí o dàgbà."

"Mo ti dàgbà tipẹ́, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí o tó tẹ́ aṣọ, n kò lè gé e mọ́. Mo rò pé bí mo bá gé e, á dà bí ẹni pé mo sọ fún ìyá rẹ pé kó má bọ̀ mọ́. Voilà, òun nìyẹn."

Mo sunkún, èmi tí mo máa ń lé ọmọ tó bá ń sunkún jáde ní kíláàsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Inú kò bí mi," ó ní. "Ó kàn dùn mí pé o ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti kékeré, o ò bi mí rí."

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ aṣọ báyìí."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ojú ẹyẹ á wọ́."

"Kó wọ́, Bàbá."

Mo gun àga láti sọ pákó náà kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé wọn kò kàn án mọ́bẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Vis méjì ló dì í mú, irú ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé, tó ṣeé tú. Láti ọjọ́ yìí wá, títú ni bàbá mi fi í sílẹ̀ fún. A gbé e lé àga méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ó lu ihò kékeré sórí àmì pẹ́ńsù náà; ojú ayùn méjì ló já kí ẹ̀kẹta tó wọ ihò, kò sì bá ìkankan wí. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ etí ìró mi. Lẹ́búlẹ́bú igi tó bọ́ kò ju iyọ̀ tí a fi orí ìka méjì bù lọ.

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Ó wọ́, àbí?"

"Ó wọ́."

"Kọ ìyẹn náà síbẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó nàró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú oníbàárà, ó wò mí, ó ní, "Ilé ti rí ọ. Wọlé."

Inú ilé yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń rìn, mo sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo di lẹ́búlẹ́bú igi náà sí etí ìró mi, mo bọ́ bàtà, mo sì wọlé.