Ọwọ́ Àwọn Ìyá Lára Ògiri Ulé Orin

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo gbé garawa omi kan, mo dà á sára ògiri amọ̀ àtijọ́ kan tí mo fẹ́ rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, òórùn amọ̀ tútù sì ta sí mi nímú. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Èmi tí mo ti kọ́lé láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, tí àwọn ará Ìdó ń fi ilé mi júwe ọ̀nà fún àlejò, mo gbé garawa sílẹ̀, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo di ọmọ ọdún méje.

Ulé Orin ni à ń pe ilé tó ni ògiri náà ní Ìrè-Èkìtì wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé orin káàkiri nínú fóònù lè má mọ̀ pé nígbà kan, orin ní ilé tirẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó sì ní ọjọ́ tí à ń lọ bá a níbẹ̀. Àwọn ìyá ìlú ló ń kọ ọ́, yèyé mi ló sì ń lé e fún wọn. Bàbá mi ló mọ ògiri ilé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi tí ẹ ń ya ẹnu, ẹ rí i pé n kò jí i.

Lọ́dọọdún, tí a bá ti wa iṣu tán tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, gbogbo ìlú á jáde wá tún ilé náà ṣe. Àwọn ọkùnrin á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, wọ́n á wọ inú kòtò lọ tẹ amọ̀, àwọn ìyá á sì dúró létí rẹ̀ máa kọrin fún ẹsẹ̀ wọn. Tí orin bá yá jù, bàbá mi á pariwo pé, "Ẹ rọra o! Amọ̀ yìí kò tíì jinná!" Àwa ọmọdé là ń pọn omi. Kò sí ẹni tó pọn tó mi nínú ẹgbẹ́ wa. Yèyé mi ní irọ́ ni, pé ìkòkò mẹ́ta ni mo fọ́ lọ́dún kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ló ń da nǹkan rú mọ́ ọn lójú. Nígbà tí amọ̀ bá jinná, àwọn ìyá á fi pa ògiri inú, kálukú níbi tirẹ̀.

Ọdún ń lọ. Bàbá mi kú. Àwọn tó ń tẹ amọ̀ re Àkúrẹ́, wọ́n re Èkó, Ulé Orin sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sá òjò sí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ìlú yan ìgbìmọ̀ pé kí á tún un ṣe, kí á sì fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí ó lè gba gbogbo wa: àwọn ìyá olórin, ẹgbẹ́ àsàlátù Àlájà Múnírátù tó ń ta èlùbọ́, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀yẹ́ láti wá kọ́ orin. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága. Ó bi mí pé ta ni yóò lè ṣe iṣẹ́ náà.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí n dárúkọ ara mi ni?"

Mo fi búlọ́ọ̀kù fa apá tuntun sẹ́yìn, mo yọ fèrèsé ńlá, mo gbé páànù tuntun lé e. Kí àtijọ́ àti tuntun lè bára mu, mo rẹ́ gbogbo inú rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì títí ó fi ń dán bí abọ́ tánganran. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnjinníà kan fọwọ́ pa ògiri yẹn, ó sì mi orí sí mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí á ṣí i, yèyé mi kó àwọn tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá mẹ́jọ ni wọ́n. Ó lé orin. Ohùn rẹ̀ lu ògiri, ó padà, ó lu òmíràn, ó pàdé ègbè lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lórí páànù. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Yèyé mi dákẹ́ láàárín orin, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe rí.

"Ulé yìí ti yadi," ó wí.

Tíṣà ní kò le, pé a ó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀rọ kẹ̀?" Àlájà bú sẹ́rìn-ín. "Ariwo kékeré ló máa di ariwo ńlá. Bíríkìlà, ilé ìwẹ̀ lo kọ́ fún wa o!"

Yèyé mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun àti ẹgbẹ́ òun kò ní kọrin níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kò sí ibòmíràn tí àwọn ọmọ ti lè jókòó gbọ́ orin wọ̀nyẹn. Bí àwọn ìyá náà kò bá wọ ibẹ̀, orin á bá wọn lọ, ilé tí mo fi ń yangàn á sì di ibi tí wọ́n ń kó gbágùúdá sí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá a lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Yèyé, kí ni mo ṣe?"

"Ta ló ní kí o fi sìmẹ́ńtì bo ọwọ́ wa?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Nígbà tí àwọn ìyá bá ń pa ògiri inú, wọn kì í dán an. Ìka mẹ́rin ni wọ́n máa ń fà wálẹ̀ lára amọ̀ tútù, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ògiri á wá rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Lọ́dún kan, mo mú akúfọ́ igbá, mo fi dán ibi ti yèyé mi títí ó fi ń kọ mànà, mo wá dúró kí wọ́n yìn mí. Bàbá mi kò nà mí. Amọ̀ tuntun ló bù sí i, ó sì pe yèyé mi: "Wá fi ọwọ́ rẹ padà síbẹ̀. Bí o bá jẹ́ kí ó dán báyìí, ohùn yóò máa ta kúrò lára rẹ̀." Mo rò pé ó ń jowú mi ni.

"Ìwọ ọmọ yìí," yèyé mi wí, kò gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀gúsí, "ẹ̀ẹ̀mejì lo ti pa ọwọ́ mi rẹ́."

N kì í tọrọ àforíjì, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sìmẹ́ńtì ara mi kúrò. Àwọn ọlọ́kadà dúró ń wòran. "Bàbá bíríkìlà, kí ni ògiri fi ṣe yín?" Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé iṣẹ́ tí mo bá ṣe le débi pé èmi nìkan ló lè bà á jẹ́. A tún kòtò amọ̀ gbẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn ìyá jókòó ń kọrin fún ẹsẹ̀ wọn, èmi sì ń fi òòlù ṣá ojú búlọ́ọ̀kù apá tuntun kí amọ̀ lè dì í mú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mẹ́jọ kò lè ká ilé tó ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àlájà so ìró rẹ̀ le.

"Ṣé amọ̀ ń bi èèyàn bóyá ó ń kírun ni?"

Ó wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ọmọbìnrin Ọ̀yẹ́ náà tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo èékánná gígùn rẹ̀, ó wo amọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Yèyé mi ń di ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á wálẹ̀: "Má tẹ̀ ẹ́ jù. Báyìí. Ó yá, ibí ti di tìrẹ."

Nígbà tó gbẹ, mo lọ dúró sí ìpẹ̀kun apá tuntun, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Yèyé mi lé orin níwájú lọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ èémí kékeré tó ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ègbè dìde láti ẹnu àgbà àti ọmọ, kò sì dákẹ́ títí orin fi parí.

Bàbá mi lè má dá ilé náà mọ̀ mọ́ báyìí. Iná mànàmáná wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yẹ́ sì ń fi èdè tí n kò gbọ́ kọrin lórí pèpéle. Àmọ́ amọ̀ ti ń sán díẹ̀díẹ̀ níbi tí oòrùn ń bá wọlé, bó ṣe máa ń sán láyé tirẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, gbogbo ẹni tó ní ibi lára ògiri yóò padà wá pa á. Ọmọ eléèékánná náà ti lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní òkè Ọya, ó sì ti pè wá pé òun ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibi òun. Sìmẹ́ńtì mi ìbá ti jẹ́ kí ó gbàgbé wa pátápátá.

Láìpẹ́ yìí ni Tíṣà bi mí pé ọdún mélòó ni iṣẹ́ náà máa lò. Níbi gbogbo tí mo ti kọ́lé, ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo máa ń sọ, mo sì máa ń fọwọ́ lu àyà mi.

"Ọdún kan péré, Tíṣà," mo wí, mo sì fọwọ́ lu àyà mi.