Ìwé Ojoojúmọ́ Morẹ́nikẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi jókòó síwájú ilé wa ní Ìlaròó, onídìrí ń fi àdín pa á lórí kó tó ya irun rẹ̀. Òórùn àdín yẹn wọlé wá bá mi lórí àga, ó sì gbé mi padà sí Ayétòrò, sí ilé ìwé wa tó ní òrùlé páànù, níbi tí èmi àti Morẹ́nikẹ́ ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, àwa kò ní fóònù tí a ó fi ya fọ́tò ohun tí a jẹ. Àǹtí tó ń kọ́ wa ló ní kí kálukú ra ìwé kan, kó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́ sínú rẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò pe ẹnìkan síwájú láti ka tirẹ̀ sókè. Ẹnìkan nínú wa kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ti jẹ ìwé òun. Inú ìwé náà gan-an ló sì kọ ọ́ sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ ń gbé. Màmá rẹ̀ ti kọjá bọ́dà lọ ṣòwò ní Kútọnu, kò sì padà. Ọwọ́ ìyá àgbà ti le, kò lè dirun mọ́, nítorí náà irun ọ̀rẹ́ mi a máa gbẹ, a sì lọ́ pọ̀ bí òwú.

Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó kà á ketekete pé, "Lánàá, màmá mi di ṣùkú fún mi lábẹ́ igi ọsàn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Irọ́ ni, mà! Ẹ wo orí ẹ̀!"

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Morẹ́nikẹ́ títí ariwo fi rọlẹ̀. Nígbà tí a jáde lọ́sàn-án, ó pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ òun, ó sì yọ òòyà. Mo dúró dè é, nítorí a jọ ń lọ sílé ni.

"Báwo ni màmá rẹ ṣe máa ń dì í?"

"Wọn kì í fà á le, mà. Tí wọ́n bá dé ìpàkọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà dùn mí."

Àǹtí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìgbà yẹn ni Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún.

Ohun tó kọ lọ́jọ́ kejì ni pé, "Àǹtí dirun fún mi. Wọn ò mọ̀ ọ́n dì tó màmá mi." Àǹtí kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Láti ọjọ́ náà, kò ní kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ sókè mọ́.

Kí ọdún tó parí, àbúrò màmá Morẹ́nikẹ́ dé láti Kútọnu. Ó ní àìsàn ló dá ẹ̀gbọ́n òun dúró, àti pé ẹ̀gbọ́n náà ń bèèrè ọmọ rẹ̀. Ó gbé Morẹ́nikẹ́ sẹ́yìn alùpùpù, ọ̀rẹ́ mi ń juwọ́ sí mi títí eruku fi bò wọ́n. Bóyá ó bá ìyá rẹ̀ láàyè, n kò gbọ́ títí di òní.

Orí fóònù ni àwọn ọmọ ń kọ tiwọn sí báyìí, tí gbogbo ayé ń kà á. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ ayé rẹ̀ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń kọ, kódà níbi tó ti ń purọ́. Ìwé tèmi ṣì wà nínú àpótí mi. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀: mo jí, mo wẹ̀, mo mu ògì, mo lọ sílé ìwé. Màmá mi wà nílé lójoojúmọ́ nígbà náà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti mẹ́nu kàn wọ́n ni ọjọ́ tí wọ́n nà mí.